Orí Kẹfà: Ààlà Nínú Mẹ́mọ́rì, Tàbí Bí A Ṣe Ń Fi Èdè Rust Kọ́ Iṣẹ́ Kánẹ́ẹ̀lì

Títí dé ìparí orí karùn-ún, òkèèrè la ti ń wo ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. A sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe ń pín mẹ́mọ́rì, bó ṣe ń fún ètò kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ, àti bó ṣe ń ṣe alárinà wa pẹ̀lú dísìkì. Nínú orí yìí, ọwọ́ wa yóò kan iṣẹ́ náà. A ó kọ kánẹ́ẹ̀lì kékeré kan, ìyẹn ọkàn ètò ìṣiṣẹ́, fúnra wa, èdè Rust la ó sì fi kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, ìyẹn LAUTECH, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí ní Yunifásítì Ajayi Crowther ní ìlú Ọ̀yọ́, lè ṣe gbogbo rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ nínú yàrá tó ń gbé.

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó bá ti ka ìwé mìíràn lórí iṣẹ́ yìí yóò kọ́kọ́ bi wá: kí ló dé tí kì í ṣe C? Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Ibi tí C gbé wa dé

Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969. Ritchie ṣe èdè C ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tó sì fi di 1973, wọ́n ti fi C tún kánẹ́ẹ̀lì Unix kọ. Láti ìgbà náà ni C ti di èdè tí wọ́n fi ń kọ kánẹ́ẹ̀lì. Òun ni Andrew Tanenbaum fi kọ Minix tó gbé jáde ní 1987 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí inú ètò ìṣiṣẹ́ kedere. Òun ni Linus Torvalds fi kọ Linux ní 1991. Òun náà ni wọ́n fi kọ xv6, ètò ìṣiṣẹ́ kékeré fún ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń lò ní MIT láti 2006. Fóònù Android tó wà lápò ọ̀pọ̀ nínú yín, kánẹ́ẹ̀lì Linux ló gbé e ró.

C gba ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́ pátápátá. Bí ẹ bá ní kó kọ nǹkan sí àdírẹ́sì kan nínú mẹ́mọ́rì, yóò kọ ọ́ síbẹ̀, kò ní bi yín bóyá tiyín ni ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yára, ìdí náà sì nìyẹn tó fi léwu. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1988, ètò kan tí Robert Morris kọ tàn ká íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà, ó sì dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ lẹ́kun iṣẹ́. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tó gbà wọlé ni pé ètò tí wọ́n ń pè ní fingerd máa ń gba ọ̀rọ̀ láti ìta láìwo bóyá ọ̀rọ̀ náà gùn ju àyè tó wà nílẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ẹ̀wẹ̀, àléébù tí wọ́n sọ ní Heartbleed jáde nínú OpenSSL, sọ́fítíwia tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń bo ọ̀rọ̀ àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà lókèèrè lè bèèrè fún ọ̀rọ̀ tó gùn ju èyí tó fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ yóò sì ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì fún un, títí kan ọ̀rọ̀ ìwọlé àwọn ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà láàárín méjèèjì, irú àṣìṣe kan náà sì ni wọ́n.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, àtúnṣe kan láti ilé-iṣẹ́ CrowdStrike mú kí kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú kánẹ́ẹ̀lì Windows ka mẹ́mọ́rì kọjá ààlà rẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 ẹ̀rọ ló dákú káàkiri àgbáyé, gẹ́gẹ́ bí Microsoft ṣe ṣírò rẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn tó kọ kóòdù wọ̀nyí kò mọṣẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní 2019, àwọn ẹlẹ́rọ Microsoft sọ pé nǹkan bíi ìdá 70 nínú 100 àwọn àléébù ààbò tí wọ́n ń tún ṣe lọ́dọọdún ló jẹ mọ́ mẹ́mọ́rì, Google náà sì rí iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba nínú Chrome. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ tó lówó jù, tó sì ní àwọn àgbà ẹlẹ́rọ jù, kò bá lè fi ìṣọ́ra nìkan yẹ àṣìṣe yìí sílẹ̀, kò yẹ ká máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta pé ìṣọ́ra ni kó mú.

Òfin ìní

Ní ìlú Ọ̀yọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908. Àwọn awọnlẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀ ló ń ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń ya àwòrán tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ Lágbájá ti parí. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ wọn ṣàlàyé mẹ́mọ́rì. Mẹ́mọ́rì jẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ kan tí a ti gé sí pùlọ́ọ̀tì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yìí la sì ń pè ní àdírẹ́sì. Aáwọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹnì kan kọ́lé kọjá òpó ààlà: ìyẹn ni ohun tí fingerd gbà láàyè. Ẹnì kan ta ilẹ̀ tán, ó tún padà wá dáko síbẹ̀: kóòdù ń lo mẹ́mọ́rì tó ti dá padà. Wọ́n ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì: apá méjì nínú kóòdù ló rò pé àwọn ló ni ibì kan náà, àwọn méjèèjì sì fẹ́ dá a padà. Tàbí kí àwọn òṣìṣẹ́ méjì dé sórí ilẹ̀ kan lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan máa mọ ògiri, kí èkejì máa wó o.

Nínú C, kóòtù la ti ń yanjú aáwọ̀ yìí, lẹ́yìn tí ilé ti dúró, tí owó sì ti wọlẹ̀. Rust ní kí ẹ yanjú rẹ̀ kí ẹ tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Graydon Hoare ló bẹ̀rẹ̀ èdè yìí ní 2006 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ara rẹ̀, Mozilla gbè é lẹ́yìn láti 2009, ẹ̀dà 1.0 sì jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2015. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan ní olóhun kan ṣoṣo. Bí olóhun bá fi í fún ẹlòmíràn, kò ní í mọ́. Bí olóhun bá kúrò lójú agbo, mẹ́mọ́rì náà yóò padà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. A lè yá ohun kan láti wò ó, iye ẹni yòówù ló sì lè wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yá a láti tún un ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kò sì gbọdọ̀ sí ẹlòmíràn tó ń wò ó lásìkò náà.

Ẹ wo èyí:

let ilẹ̀ = String::from("Akẹ̀sán");
let ilẹ̀_tuntun = ilẹ̀;
println!("{}", ilẹ̀);

Kọ̀ǹpáílà kò ní gba ìlà kẹta. Yóò pe àṣìṣe náà ní E0382, yóò fi ìlà tí ìní ti kúrò lọ́wọ́ `ilẹ̀` hàn yín, yóò fi ìlà tí ẹ ti ń gbìyànjú láti tún un lò hàn, yóò sì dábàá bí ẹ ṣe lè tún un ṣe. Ẹ kíyè sí orúkọ tí a lò pẹ̀lú. Láti ẹ̀dà 1.53 ní 2021 ni Rust ti ń gba orúkọ tó ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ lè kọ `ilẹ̀` gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé Yorùbá. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ lo àǹfààní yìí nínú kóòdù ìdánrawò yín.

Kánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́

Ètò tí ẹ ti ń kọ láti ọdún kìíní dúró lórí ètò ìṣiṣẹ́. Bí ẹ bá pe `println!`, Linux tàbí Windows ló ń bá yín gbé ọ̀rọ̀ náà dé ojú ẹ̀rọ. Kánẹ́ẹ̀lì kò ní ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe, nígbà náà, ni láti sọ fún Rust pé kó má retí ìrànlọ́wọ́ kankan:

#![no_std]
#![no_main]

use core::panic::PanicInfo;

#[panic_handler]
fn ìdádúró(_ìròyìn: &PanicInfo) -> ! {
    loop {}
}

#[unsafe(no_mangle)]
pub extern "C" fn _start() -> ! {
    let ojú = 0xb8000 as *mut u8;
    for (i, lẹ́tà) in b"E KU ISE".iter().enumerate() {
        unsafe {
            ojú.add(i * 2).write_volatile(*lẹ́tà);
            ojú.add(i * 2 + 1).write_volatile(0x0a);
        }
    }
    loop {}
}

`no_std` yọ ilé-ìkàwé tó gbára lé ètò ìṣiṣẹ́ kúrò, ó ku èyí tí wọ́n ń pè ní `core`. `no_main` sọ pé kò sí ẹni tí yóò pe `main` fún wa. `ìdádúró` ni ibi tí ẹ̀rọ yóò forí lé bí nǹkan bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àmì `!` tó wà lẹ́yìn ọfà ń sọ pé fọ́ǹṣọ̀n náà kò ní padà láé, kọ̀ǹpáílà yóò sì rí i dájú pé kò padà lóòótọ́. Kò sí ibi tí ì bá padà sí: kánẹ́ẹ̀lì ni ìpìlẹ̀.

Àdírẹ́sì 0xb8000 ni àyè tí àwọn ẹ̀rọ x86 fi ń fi lẹ́tà hàn bí wọ́n bá gbéra lọ́nà BIOS àtijọ́. Ìlà 25 ló wà lójú ẹ̀rọ, ìlà kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà 80, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì méjì: èkíní fún lẹ́tà, èkejì fún àwọ̀. Báìtì 4000 ni gbogbo rẹ̀. 0x0a túmọ̀ sí àwọ̀ ewé lórí dúdú. A lo `write_volatile` nítorí pé kọ̀ǹpáílà lè wò ó pé a ń kọ nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò kà, kó sì yọ iṣẹ́ náà kúrò. Kò mọ̀ pé ojú ènìyàn ló ń kà á.

Àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun kò gbéra lọ́nà yìí mọ́. UEFI ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, inú QEMU, tó ṣì lè gbéra bẹ́ẹ̀, la ó ti dán an wò. Fabrice Bellard ló gbé sọ́fítíwia yìí jáde ní 2003, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ṣe bí odindi kọ̀ǹpútà nínú kọ̀ǹpútà yín. Bí kánẹ́ẹ̀lì yín bá dákú nínú rẹ̀, fèrèsé kan ni ẹ ó tì.

Ọ̀rọ̀ `unsafe`

Ibí yìí gan-an ni ọkàn orí yìí wà, mo sì fẹ́ kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sí bí kọ̀ǹpáílà ṣe lè mọ̀ pé 0xb8000 jẹ́ ojú ẹ̀rọ. Ìwé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló sọ fún wa. Bí a bá fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé àwa ni a dúró fún un, `unsafe` sì ni ìbuwọ́lù náà. Àwọn kan máa ń fi èyí bu ẹnu àtẹ́ lu Rust. Wọ́n ní bí kánẹ́ẹ̀lì kò bá lè ṣe láìní `unsafe`, àǹfààní wo ló kù? Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Nínú C, ìlà gbogbo ló lè jẹ́ ibi tí mẹ́mọ́rì ti bàjẹ́. Nínú Rust, bí mẹ́mọ́rì bá bàjẹ́, ẹ mọ àwọn ìlà tí ẹ ó kọ́kọ́ lọ wò. Fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́, ìyàtọ̀ yìí pọ̀ gan-an.

Ọgbọ́n iṣẹ́ náà ni pé kí ẹ kó `unsafe` sí ibì kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi fọ́ǹṣọ̀n tó ní ìlẹ̀kùn yí i ká:

fn kọ(ìlà: usize, ipò: usize, lẹ́tà: u8) {
    if ìlà >= 25 || ipò >= 80 {
        return;
    }
    let àyè = (ìlà * 80 + ipò) * 2;
    let ojú = 0xb8000 as *mut u8;
    unsafe {
        ojú.add(àyè).write_volatile(lẹ́tà);
        ojú.add(àyè + 1).write_volatile(0x0a);
    }
}

Ibi tó jìnnà jù tí fọ́ǹṣọ̀n yìí lè dé ni báìtì 3999. Kò sí nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni lè fún un tí yóò mú un kọjá àyè wa. Ẹni tó bá ń pè é kò nílò `unsafe` mọ́, àwa tí a kọ ọ́ ló sì lè fi ìṣírò sọ ìdí rẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sórí gbogbo `unsafe` tó wà nínú kánẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Olùkọ́ tó bá ń fún un ní máàkì, kí ó máa wo àlàyé yìí ju kóòdù fúnra rẹ̀ lọ.

Kíkọ Ọ̀yọ́ sójú ẹ̀rọ

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí "E KU ISE" yóò fẹ́ kọ orúkọ ìlú rẹ̀ pẹ̀lú àmì tó pé. Bó bá kọ b"Ọ̀yọ́", kọ̀ǹpáílà yóò kọ̀ ọ́, nítorí ASCII nìkan ni irú ọ̀rọ̀ báìtì bẹ́ẹ̀ ń gbà. Bó bá yọ `b` kúrò, tó sì pe `.as_bytes()`, yóò gbà, ṣùgbọ́n ohun tí yóò rí nìyí: ß╗î╠Çyß╗ì╠ü.

Ìdí rẹ̀ ni pé UTF-8 ni Rust fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Ọ gba báìtì mẹ́ta, àmì ohùn ìsàlẹ̀ gba méjì, y gba ẹyọ kan, ọ gba mẹ́ta, àmì ohùn òkè gba méjì: báìtì 11 fún ọ̀rọ̀ tí ojú rí bí lẹ́tà mẹ́ta. Ojú ẹ̀rọ VGA, ìyẹn èyí tó wà ní 0xb8000, ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan, àwòrán 256 tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní ọ tàbí ṣ rárá. Ọ̀nà àbáyọ tó yá jù ni ojú-ọ̀nà síríàlì (serial port), èyí tó wà ní 0x3f8. Ẹ fi báìtì náà ránṣẹ́ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi `-serial stdio` ṣí QEMU, fèrèsé tí ẹ ti ń kọ àṣẹ yóò sì fi Ọ̀yọ́ hàn gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Ọ̀nà tó jinlẹ̀ jù ni kí kánẹ́ẹ̀lì yín ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ lójú ẹ̀rọ aláwòrán. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ó sì tó iṣẹ́ àkànṣe ọdún ìkẹyìn fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Èdè wa nílò rẹ̀.

Ohun tí Rust kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀

Kọ̀ǹpáílà kò mọ èrò inú yín. Bí ẹ bá ṣe ètò ìpín-àsìkò tó gbàgbé iṣẹ́ kan sẹ́yìn láé, yóò gbà á fún yín. Kíkà kọjá òpin àtẹ kì í sábà hàn nígbà tí a ń kọ kóòdù. Ìgbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́ ni `ìdádúró` yóò mú un. Ìdènà tó so mọ́ra (deadlock) tún wà. Kánẹ́ẹ̀lì yín di ojú ẹ̀rọ mú kó lè kọ̀wé, ìdílọ́wọ́ (interrupt) láti ọ̀dọ̀ aago ẹ̀rọ wọlé, òun náà fẹ́ di ojú ẹ̀rọ mú. Ó ń dúró de ẹni tí òun gan-an dá dúró. Gbogbo rẹ̀ yóò dákẹ́ síbẹ̀, Rust kò sì ní sọ nǹkan kan. Ojútùú rẹ̀ ni kí ẹ ti ìdílọ́wọ́ pa kí ẹ tó di ojú ẹ̀rọ mú, kí ẹ sì ṣí i padà lẹ́yìn náà.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ C. Ìlà tó pọ̀ jù nínú Linux ṣì jẹ́ C, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà 6.1 tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2022 ti gba Rust wọlé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi Rust kọ kánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, kí ẹ wá ka xv6 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti bá kọ̀ǹpáílà Rust jà fún sáà kan yóò máa rí ààlà nínú C níbi tí C kò ti ya á. Android fi hàn pé kò sí ìdí láti wó ilé àtijọ́: kóòdù tuntun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Rust àti àwọn èdè aláàbò mìíràn kọ, ìpín àléébù mẹ́mọ́rì sì lọ sílẹ̀ láti ìdá 76 nínú 100 ní 2019 sí 24 ní 2024.

Fún olùkọ́ tó ní kíláàsì ńlá

Wọ́n ti fi Rust kọ́ iṣẹ́ yìí ní Stanford ní 2018 lórí kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi, Yunifásítì Tsinghua ní Ṣáínà sì ní kánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rCore. Kò sí ohun tó ní kí Ògbómọ̀ṣọ́ dúró sẹ́yìn. Dátà àti iná ni wàhálà wa, wọ́n sì ní ọ̀nà.

Ẹnì kan nínú kíláàsì ni kó gba Rust sílẹ̀ pẹ̀lú `rustup target add x86_64-unknown-none`, kó ṣe `cargo vendor` kí gbogbo ilé-ìkàwé tí iṣẹ́ náà nílò lè wà nínú fódà kan, kó sì fi fúláàṣì pín in fún àwọn yòókù. Láti ìgbà náà lọ, `cargo build --offline` kò ní ná yín ní dátà kankan. `rustup doc` yóò ṣí ìwé àlàyé èdè náà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kánẹ́ẹ̀lì kékeré bí tiwa kò béèrè ẹ̀rọ ńlá, ó sì yá kọ, nítorí náà ẹ lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú bátìrì títí iná yóò fi dé. Ẹ máa fi `cargo clean` pa fódà `target` rẹ́ lóòrèkóòrè, torí ó máa ń gba àyè lórí dísìkì.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ yí fọ́ǹṣọ̀n `kọ` padà kó lè gba àwọ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ ìdí tí `unsafe` inú rẹ̀ kò fi lè ba nǹkan jẹ́, kó má ju ìlà mẹ́ta lọ.

2. Ẹ ka iye báìtì tó wà nínú "Ògbómọ̀ṣọ́" pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ tó fi `.len()` yẹ ara yín wò. Bí iye ẹni méjì nínú kíláàsì kò bá dọ́gba, ẹ wádìí bí bọ́tìnnì tí kálukú fi tẹ ó àti ò ṣe yàtọ̀.

3. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ kọ kóòdù tí ẹni méjì ti yá ohun kan láti tún un ṣe lásìkò kan náà. Ẹ da àṣìṣe E0499 tí kọ̀ǹpáílà fún yín kọ, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá fún ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

4. Ẹ kọ fọ́ǹṣọ̀n `ìdádúró` kó lè kọ ìdí tí kánẹ́ẹ̀lì fi dúró sójú ẹ̀rọ dípò kó kàn máa yí lójú kan.

Orí keje dá lórí ìdílọ́wọ́ àti aago ẹ̀rọ, kánẹ́ẹ̀lì tí ẹ kọ níhìn-ín la ó sì máa kọ́ lé lórí. Ẹ parí iṣẹ́ kẹrin kí ẹ tó ṣí i.